Ọjọ́ Tí Bàbá Ajíbọ́lá Gbé Iṣu Lọ Kí Gúgù

Gbogbo ará Basin, àdúgbò wa, ló mọ ìtàn ọjọ́ tí Bàbá Fọláránmi Ajíbọ́lá gbé iṣu lọ kí Gúgù. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni. Bàbá wọ agbádá funfun tó máa ń wọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àjíǹde, ó dé fìlà, ó di iṣu mẹ́ta tó gún régé sínú àpò, ó wá dúró létí títì, ó ń nawọ́ sí kẹ̀kẹ́ Márúwá.

"Bàbá, ibo lẹ̀ ń lọ?" ni onímárúwá bi í.

"Mo ń lọ kí Gúgù."

"Gúgù ti àdúgbò wo?"

"Ti Fate," ni Bàbá dáhùn, ó sì wọlé jókòó.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ní àná ọjọ́ náà, Kùdírátù, obìnrin tó ń bá èèyàn tún ìkànnì orí íńtánẹ́ẹ̀tì ṣe ní Fate, ti bá Bàbá sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó ní, "Bàbá, ìkànnì tẹ́ ẹ̀ ń kọ̀rọ̀ iṣu sí dáa lójú, àmọ́ Gúgù ò tíì mọ̀ yín." Ẹlòmíràn ì bá bínú, tàbí kó béèrè ohun tó yẹ ní ṣíṣe. Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni Bàbá ní tirẹ̀, ilé tí wọ́n sì ti tọ́ ọ dàgbà, bí ẹni ńlá kan kò bá mọ̀ ọ́, o kò ní jókòó sílé máa kùn. O máa wẹ̀, o máa múra, o máa lọ fi ara hàn án, o kò sì gbọdọ̀ lọ lọ́wọ́ òfo.

Kùdírátù jókòó sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀ nígbà tí iṣu mẹ́ta balẹ̀ sórí tábìlì.

"Bàbá, ta ló ni iṣu?"

"Ọ̀gá rẹ ni."

"Ọ̀gá mi wo?"

"Gúgù. Mo mọ̀ pé kò gbé ìlú yìí, ṣùgbọ́n ìwọ lo mọ ọ̀nà ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bá mi fi jíṣẹ́. Sọ pé Ajíbọ́lá tó wà ní Basin ló ní kí wọ́n kú iṣẹ́ o."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rọ ni Gúgù. Kì í jẹ iṣu."

"Ta ni kò mọ̀ pé ẹ̀rọ ni? Ṣé ẹ̀rọ ló ṣe ara rẹ̀ ni? Èèyàn kan ń bẹ nídìí rẹ̀. Ṣé ẹni yẹn kì í jẹun?"

Kùdírátù kó iṣu kúrò lórí tábìlì. Ó gbé iṣu lọ sílé, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ gún un, wọ́n jẹ ẹ́. Bó ṣe wá jẹ́, kò yé ẹnikẹ́ni títí dòní, ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìkànnì Bàbá tó ti wà lójú ìwé ogójì nínú ohun tí Gúgù ń tò fún èèyàn bọ́ sí ojú ìwé kejìdínlógójì. Nígbà tí Kùdírátù sọ fún un, Bàbá mi orí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ó ti jẹ ẹ́," ló wí.

Ẹni tí kò mọ Bàbá Ajíbọ́lá lè rò pé òpònú ni. Irọ́ gbáà. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba ní Kwara, iṣu ló sì yàn láàyò. Ó mọ ohun tó ń mú iṣu jẹrà, ó mọ ibi tó yẹ kí atẹ́gùn ti máa fẹ́ sí i, ó mọ bí wọ́n ṣe ń fi eérú pa ojú ọgbẹ́ rẹ̀. Láyé ìgbà tó ń gun alùpùpù kiri abúlé, àwọn àgbẹ̀ máa ń tò dè é lábẹ́ igi, oníkálùkù gbé iṣu tirẹ̀ dání bí ẹni tó gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà. "Ọ̀gá Agíríkì, kí ló ṣe èyí?" Inú rẹ̀ a dùn, a yẹ iṣu náà wò lókè nílẹ̀, a sì bẹ̀rẹ̀ ìwàásù.

Ìgbà tó fẹ̀yìn tì ni nǹkan yí padà. Kì í ṣe owó ló dùn ún, kì í sì í ṣe ipò. Ohun tó dùn ún ni pé kò sí ẹni tó ń bi í ní ìbéèrè mọ́. Fóònù rẹ̀ dákẹ́. Màmá Ìbídùn, ìyàwó rẹ̀, sọ pé ó burú débi pé ẹni tó wá ka mítà iná lọ́jọ́ kan lo wákàtí kan ààbọ̀ nílé wọn, nígbà tó sì jáde, kò rántí ka mítà mọ́, ṣùgbọ́n ó ti mọ ìdí tí a kì í fi í to iṣu sórí sìmẹ́ńtì.

Ìbídùn, ọmọ wọn tó wà ní Kánádà, ló ṣí ìkànnì fún un, kí bàbá rẹ̀ lè rí ibòmíràn máa sọ̀rọ̀ iṣu. Bàbá gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ó ń fi ìka méjì tẹ̀wé, ó ń tẹ Yorùbá sókè, ó ń tẹ òyìnbó sísàlẹ̀ fún àwọn ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun. Ohun kan ṣoṣo ló ń fẹ́: kí ẹnì kan níbì kan béèrè ọ̀rọ̀ iṣu, kí òun sì jẹ́ ẹni tó máa dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà lójú ìwé ogójì, ta ni yóò rìn débẹ̀?

Kùdírátù ṣí ìkànnì náà láti wo ohun tó ń dí i lọ́wọ́. Kò pẹ́ tó fi rí i. Àkọlé tó wà lókè ni "Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Iṣu Kó Má Baà Jẹrà." Ohun tó tẹ̀lé e ni èyí:

"Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á láàárọ̀. Ẹ kú ọ̀sán, ẹ̀yin tó jẹ́ pé ọ̀sán ló bọ́ sí lọ́wọ́. Ẹ kú ọyẹ́. Ẹ kú àìsí iná. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun, ẹ kú òtútù, ẹ kú àárò ilé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á nínú ọkọ̀, ẹ kú ìrìn. Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ gbé fóònù sílẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹ kú ewu. Ẹ̀yin tí iṣu yín ti jẹrà kẹ́ ẹ tó dé ibí, ẹ kú àdánù..."

Bẹ́ẹ̀ ló ń lọ. Kùdírátù fi ìka fa ojú fóònù rẹ̀ lọ sísàlẹ̀ títí ó fi rẹ̀ ẹ́, kò tíì rí iṣu. Ó pe Bàbá.

"Bàbá, àwọn èèyàn ò lè dúró gba gbogbo ìkíni yìí. Mo rí i níbí. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ péré, wọ́n ti lọ."

"Ṣé wọ́n dáhùn kí wọ́n tó lọ?"

"Bàbá!"

"Mo ní ṣé wọ́n dáhùn?"

"Ẹ jẹ́ ká gbé ìkíni lọ sísàlẹ̀, ká fi iṣu ṣáájú. Ohun tí Gúgù fẹ́ nìyẹn. Ẹni tó béèrè iṣu, iṣu ló fẹ́ rí."

"Kùdírátù ọmọ mi, ṣé kí n wọ ilé onílé, kí n jẹun tán, kí n fọwọ́, kí n tó wá sọ pé ẹ kú ilé? Ẹni tí kò lè dúró gba ìkíni, kò lè dúró tọ́jú iṣu. Jẹ́ kó máa lọ."

Ìjà yẹn kò parí láàárín wọn. Kùdírátù á ní, "Bàbá, ẹ gbọ́ tèmi, ọ̀rọ̀ làákàyè ni." Bàbá á ní, "Ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ilé ni." Nígbà tí obìnrin náà rí i pé òkè ni òun ń tì, ó ní ó dáa, kí wọ́n gba ọ̀nà mìíràn: kí àwọn tó ń ra iṣu máa rí orúkọ ìkànnì náà níbi tí wọ́n ti ń ra iṣu. Bóyá wọ́n á fúnra wọn wá a lọ. Ohun tó ní lọ́kàn ni pé kí Bàbá tẹ ìwé pélébé díẹ̀, kó máa pín in. Ó yẹ kó ti sọ bẹ́ẹ̀ síta.

Ọ̀rẹ́ Bàbá kan wà ní ọjà Ipata, Àlàájì Abdulmumini, tó ń ta iṣu ọlọ́pọ̀. Ojoojúmọ́ ni àwọn méjèèjì ń jà, bí wọn kò bá sì rí ara wọn fún ọjọ́ méjì, oúnjẹ kì í lọ lẹ́nu wọn. Bàbá dé ìsọ̀ Àlàájì láàárọ̀ kùtù, kí Àlàájì tó dé. Ó mú ṣọ́ọ̀kì funfun jáde, ó sì kọ orúkọ ìkànnì rẹ̀ sára gbogbo iṣu tó wà nílẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti orí dé ìdí. Ìgbà tó tán, ó nu ọwọ́, ó lọ jẹ ẹ̀kọ.

Ohun tó gbàgbé, tí kò sì yẹ kí ẹni tó fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n tẹ̀ lé iṣu gbàgbé, ni pé ní Ipata, ẹni tó bá ra iṣu tí kò tíì rí ọkọ̀ kó o, ṣọ́ọ̀kì ló ń fi sàmì sí i. Iṣu tó bá ti ní àmì lára ti ní olówó. Oníbàárà kan dé, ó wo ilẹ̀, ó kọjá. Òmíràn dé, ó kọjá. Títí ọ̀sán fi pọ́n, Àlàájì kò ta ẹyọ iṣu kan. Àwọn tó kù nínú ọjà ti ń sọ ọ́ kiri pé oníṣòwò ńlá kan ti wọ ìlú, ó ti ra gbogbo ìsọ̀ Abdulmumini tán. Méjì nínú wọn tiẹ̀ wá bẹ Àlàájì pé kó mú àwọn mọ ọ̀gbẹ́ni náà.

Nígbà tí Àlàájì rí Bàbá tó ń fi tayọ̀tayọ̀ bọ̀, ó pariwo.

"Ajíbọ́lá! O pa ọjà mi! Wọ́láhì, o pa ọjà mi!"

"Gbogbo Ipata ló ti mọ orúkọ ìkànnì mi," ni Bàbá wí.

"Ta ló tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù nínú wọn?"

Bàbá kò lè purọ́. Kò sí ẹnì kan.

Àlàájì jókòó, ó fi aṣọ nu ojú. Ó ní, "Ó dáa, jẹ́ ká fẹnu kò sí nǹkan kan, kí ọkàn mi lè balẹ̀. Mo fún ọ títí iṣu tuntun tó ń bọ̀ yóò fi wọ Ipata. Bí Gúgù yẹn ò bá tíì gbé ọ sójú ìwé kìíní, pa wàhálà yìí tì. Wá jókòó tì mí níbí, kí o máa sọ̀rọ̀ iṣu fún àwọn tó ń kọjá."

"Bó bá gbé mi síbẹ̀ ńkọ́?"

"Màá fi ọ̀dà kọ orúkọ ìkànnì rẹ sára ìsọ̀ mi, gàdàgbà-gadagba."

Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín, àwàdà àwọn àgbà ni wọ́n pè é. Kì í ṣe àwàdà lójú Bàbá. Bó bá pa ìkànnì náà tì, fóònù tó dákẹ́ ló ń padà sí, ọ̀rọ̀ náà sì ń bà á lẹ́rù ju bó ṣe fi hàn lọ.

Ó padà sọ́dọ̀ Kùdírátù. Lọ́tẹ̀ yìí, obìnrin náà fara balẹ̀ ṣàlàyé. Ó ní, "Bàbá, Gúgù máa ń wo ẹni tó ń dárúkọ yín. Bí àwọn ìkànnì mìíràn bá ń júwe ọ̀dọ̀ yín fún èèyàn, á gbà pé ẹ jẹ́ ẹni pàtàkì."

Ojú Bàbá tàn. "O ò ṣe ti sọ bẹ́ẹ̀ látàárọ̀? Ìyẹn ni pé ẹni tí mo bá kí ló máa kí mi padà."

"Ó... ó jọ bẹ́ẹ̀, Bàbá."

Kùdírátù sọ fún wa lẹ́yìn náà pé òun ì bá ti gé ahọ́n òun kí òun tó sọ pé ó jọ bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ìkànnì oníkànnì kiri, ó ń kí wọn níbi tí àwọn òǹkàwé ti ń kọ ọ̀rọ̀ sísàlẹ̀. Ó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, ó kọ ọ́ pé, "Ẹ kú ìfojúsọ́nà, ẹ kú ìjákulẹ̀ ti Sátidé." Ó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń sin adìẹ, ó ní, "Ẹ kú ariwo." Ó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta tánkì omi, ó kí wọn kú omi, wọ́n sì dínà mọ́ ọn kó má baà wọlé mọ́. Èyí dùn ún gan-an. Ó ń sọ fún Màmá Ìbídùn lórí oúnjẹ alẹ́ pé, "Mo kí wọn ni o. Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ mi lójú. Irú ilé wo ni wọ́n ti tọ́ wọn?"

Ṣùgbọ́n Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Ìtùnú, tó ní ìkànnì kan lórí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, dá a lóhùn. Ó dúpẹ́, ó wá béèrè pé: ìyàwó tuntun tó bá jí láàárọ̀, tó bá bàbá ọkọ rẹ̀ níta, tí pákò wà lẹ́nu bàbá, báwo ló ṣe máa kí i?

Bàbá ka ìbéèrè náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìbéèrè ni! Ẹnì kan bi í ní ìbéèrè! Ó dáhùn lójú ẹsẹ̀: "Kó kúnlẹ̀, kó rẹ́rìn-ín, kó má sọ nǹkan kan. Ẹni tí pákò wà lẹ́nu rẹ̀ kò lè dáhùn, bó bá kí i, iṣẹ́ tí bàbá kò lè ṣe ló gbé fún un. Kó padà wá nígbà tí bàbá bá fọ ẹnu tán. Nípa ti iṣu, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe tò ó sórí sìmẹ́ńtì."

Ìtùnú gbé ìdáhùn náà sí ìkànnì rẹ̀, ó sì júwe ọ̀dọ̀ Bàbá. Àwọn mìíràn rí i lọ́dọ̀ rẹ̀, àwọn náà gbé e. Ìbéèrè wá bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Báwo ni wọ́n ṣe ń kí ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bàjẹ́ sọ́nà? Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó kúrò nílé àtijọ́ ńkọ́? Ẹni tó ń gé irun lọ́wọ́? Bàbá ń dá gbogbo wọn lóhùn, kò sì sí èyí tí kò fi ọ̀rọ̀ iṣu kádìí. Ó kọ sí ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bàjẹ́ pé, "Ẹ kú ewu, ẹ kú ìdádúró. Bí iṣu bá wà nínú búùtù, ẹ ṣí i kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i."

Ìbídùn pè é láti Kánádà. "Dádì, àwọn èèyàn yìí ò béèrè iṣu."

"Wọn ò tíì mọ̀ pé àwọn fẹ́ béèrè ẹ̀ ni."

Ìbéèrè kan wà tí kò tètè dáhùn. Ẹnì kan fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń kí ìyá àgbà tí ọkọ rẹ̀ kú. Ọjọ́ mẹ́ta ni Bàbá fi rò ó. Ní ọjọ́ kẹta, ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀.

"Ìyá Ìbídùn, ká ní èmi ni mo kọ́kọ́ lọ, kí lo máa fẹ́ kí wọ́n sọ fún ẹ?"

"Gbẹ́nu ẹ kúrò níbẹ̀."

"Nítorí iṣẹ́ ni mo ṣe ń béèrè."

Màmá ń ṣa ẹ̀wà lọ, kò gbójú sókè. Ó ní, "Kí wọ́n má sọ púpọ̀. Ìwọ á ti sọ gbogbo ẹ̀ tán kí o tó lọ. Kí wọ́n kàn jókòó tì mí."

Bàbá wọ yàrá, ó sì lọ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó ku bí ọ̀sẹ̀ méjì kí iṣu tuntun dé nígbà tí Kùdírátù fi ariwo pe Bàbá láàárọ̀ ọjọ́ kan. "Bàbá! Alhamdulilahi! Ẹ ti wà lójú ìwé kìíní! Ẹ̀yin lẹ wà lókè pátápátá!"

Bàbá fò dìde, ó jó yí àga po lẹ́ẹ̀mejì. Ó ké sí ìyàwó rẹ̀, ó ké sí aládùúgbò. Nígbà tí èémí rẹ̀ padà bọ̀ sípò, ó béèrè pé, "Bí èèyàn bá béèrè bí wọ́n ṣe ń tọ́jú iṣu, èmi ló máa kọ́kọ́ rí?"

"Rárá o, Bàbá. Bó bá béèrè bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn ni."

"Iṣu ńkọ́?"

"Iṣu ṣì wà lójú ìwé kẹtàlá."

Bàbá jókòó pẹ̀lẹ́. Ó ní, "Ohun tí Lábánì ṣe fún Jékọ́bù gan-an nìyí: ìyàwó tó sìn fún kọ́ ló gbé fún un."

Lọ́jọ́ tí iṣu tuntun wọ Ipata, Bàbá kò dúró kí ẹnikẹ́ni ránṣẹ́ sí i. Ó lọ fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ojú tó rẹ̀wẹ̀sì, ó dúró níwájú Àlàájì.

"Àlàájì, mo ti pàdánù. Màá pa á tì."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Kùdírátù ti pè mí. Ojú ìwé kìíní lo wà."

"Ti ìkíni nìyẹn. Kì í ṣe ti iṣu."

"Nígbà tá a bọwọ́, ǹjẹ́ mo dárúkọ iṣu?"

"O ò dárúkọ ẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó wà lọ́kàn wa nìyẹn."

"Ohun tó wà lọ́kàn mi, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀ ọ́n. O borí!"

"Mi ò borí!"

"Wọ́láhì, o borí!"

Èèyàn pé lé wọn lórí. Láti ìgbà tí Ipata ti ń jẹ́ Ipata, kò sí ẹni tó tíì rí àgbà méjì tí oníkálùkù ń fi agbára jà kí òun lè pàdánù. Obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé rò pé iṣu ni wọ́n ń ná, ó ní kí wọ́n kúkú pàdé ní àárín. Níkẹyìn, Àlàájì fa Bàbá lápá wọ inú ìsọ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ajíbọ́lá, bó o bá pa á tì, kí lo máa máa jí ṣe láàárọ̀?"

Kò dúró gba èsì. Ó ránṣẹ́ pe ẹni tó ń kun ọ̀dà, kí ọjọ́ tó rọ̀, orúkọ ìkànnì náà ti wà lókè ìsọ̀ rẹ̀, gàdàgbà-gadagba. Ó ṣì wà níbẹ̀ títí di òní olónìí.

Nínú ọyẹ́ ọdún tó kọjá ni Bàbá kú. Àìsàn rẹ̀ kò pẹ́, kò sì ni ín lára púpọ̀. Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀ sọ pé láàárọ̀ tó lọ, ó kí òun kú iṣẹ́, ó kí òun kú àìsùn, ó wá bi òun bóyá òun ní iṣu nílé. Ọjọ́ yẹn dùn wá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: Basin kò tíì dùn tó bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà.

Ìbídùn wá láti Kánádà pẹ̀lú Ayọ̀mípọ̀sí, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Ọmọ náà gbọ́ Yorùbá díẹ̀, kò sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ilé kún. Gbogbo ohun tí èèyàn ń sọ nílé ọ̀fọ̀ ni wọ́n ti sọ fún Màmá, òun náà sì ń dáhùn "A dúpẹ́" bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ó ti di ọjọ́ mẹ́fà, kò tíì sunkún, kò tíì rẹ́rìn-ín.

Ayọ̀mípọ̀sí wá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ẹ̀rù hàn lójú ọmọ náà.

"Grandma, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ kú àṣẹ̀yìndè. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Mo wá jókòó tì yín ni."

Ó sì jókòó, ó dákẹ́. Màmá gbé orí sókè.

"Ta ló kọ́ ẹ?"

"Gúgù ni, Grandma. Mo béèrè nígbà tá a wà ní pápákọ̀ òfuurufú. Òun ló wà lókè pátápátá." Ó na fóònù sí i. "Ó ku ìlà kan tí kò yé mi."

Ìbídùn gba fóònù náà láti wo ohun tí ọmọ rẹ̀ ń kà, ó sì dá ohùn bàbá rẹ̀ mọ̀ níbẹ̀. Ọmọ náà kò mọ̀. Ó mọ̀ pé bàbá àgbà òun ń kọ̀wé nípa iṣu, kò mọ̀ pé òun náà ló kọ èyí. Ìbídùn ka ìlà tó kù sókè:

"Bí ẹ bá ti jókòó tó, ẹ dìde, kí ẹ lọ sẹ́yìn ilé wo iṣu. Ilé tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ kì í rántí yí iṣu padà, iṣu kò sì mọ̀ pé à ń ṣọ̀fọ̀."

Màmá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà gùn, ó sì di ẹkún níbi tó parí sí, ẹkún tí gbogbo wa ti ń retí láti ọjọ́ mẹ́fà. Nígbà tó sun ún tán, ó nu ojú, ó dìde, ó ní ká lọ wo iṣu.

Òótọ́ ni Bàbá sọ. Láti ìgbà tó ti dùbúlẹ̀ àìsàn, kò sí ẹni tó rántí yí iṣu ẹ̀yìn ilé. Mẹ́rin ti jẹrà. Àlàájì Abdulmumini ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà wọ́n sọ́tọ̀. Ayọ̀mípọ̀sí gbé ọ̀kan sókè, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́.

"Grandma, ṣé èyí ti bàjẹ́?"

Àlàájì fẹ́ dáhùn. Màmá dá a dúró. "Bi bàbá àgbà ẹ léèrè. Ó wà nínú fóònù yẹn."

Ọmọ náà tẹ̀ ẹ́, ó rí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè pẹ̀lú ohùn òyìnbó rẹ̀: "Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á láàárọ̀." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka fa ojú fóònù lọ sísàlẹ̀ láti wá ibi tí iṣu wà.

"Má fò ó," ni Màmá wí. "Padà sókè. Kà á bó ṣe wà."

Ọmọ náà padà sókè. Ó tún kà á pé, "Ẹ kú àárọ̀ o." Àlàájì Abdulmumini, tí iṣu jíjẹrà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ló kọ́kọ́ dáhùn, gbogbo wa sì tẹ̀ lé e, a dá ìkíni Bàbá lóhùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti àárọ̀ dé ọ̀sán, láti ọyẹ́ dé àìsí iná. Kò sí ẹni tó kúrò níbẹ̀ títí ó fi dé orí iṣu.